Àtúnṣe tó ń dín iná kù nílé iṣẹ́: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé iná dín lóòótọ́

Iná tí ẹ ò lò, kò sí mítà tó lè kà á. Ibẹ̀ ni wàhálà iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ o. Kọngílá bá yín pààrọ̀ gílóòbù, ó bá yín gbé ẹ́síì tuntun wọlé, ó wá ní iná tẹ́ ẹ̀ ń lò ti fi 30% wálẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi mọ̀ pé òótọ́ ni? Bíìlì tó dé, iye tẹ́ ẹ lò ló wà níbẹ̀. Iye tẹ́ ẹ bá ti lò ká ní ẹ ò ṣàtúnṣe rárá kò sí lórí bíìlì kankan, ṣíṣírò la máa ń ṣírò ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣírò lè sọ ọ́ di ohunkóhun tó bá wù ú.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa tẹnu mọ́ nǹkan kan látòkè délẹ̀: ẹ ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódìkejì. Wọ́n á ra ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e sókè, nígbà tó bá yá ẹnì kan lọ́fíìsì owó á béèrè pé èrè ẹ̀ dà, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé kiri. Ẹ̀rọ àtijọ́ sì ti lọ sí ààtàn, kò sẹ́ni tó wọn ohun tó ń jẹ nígbà tó ṣì wà ńlẹ̀. Ó parí nìyẹn, kò sí ọgbọ́n téèyàn fẹ́ dá sí i mọ́.

Bíìlì ọdún kan, ó kéré tán

Ẹ kó bíìlì oṣù méjìlá tó tẹ̀ léra jọ. Ìdí tó fi jẹ́ méjìlá ni pé ó máa kó ìgbà ooru àti ìgbà òtútù, ìgbà tí ọjà yá àti ìgbà tí ọjà dá, sójú kan. Tẹ́ ẹ bá ní ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọdún kan ṣoṣo lè jẹ́ ọdún tí nǹkan ò rí bó ṣe máa ń rí. Ẹnikẹ́ni tó bá mú 2020 ṣe ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n máa fi wé, tí kò sì ṣàlàyé kankan, ẹ bi í dáadáa, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ṣófo lọ́dún yẹn nítorí Kòrónà.

Kẹ́ ẹ tó kó nọ́ńbà kankan sínú Excel, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ka mítà. Bíìlì oṣù kan lè jẹ́ ti ọjọ́ 34, ti oṣù tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ ọjọ́ 28, ẹ̀yin á máa yọ̀ pé iná ti wálẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ló kéré. Ẹ pín kWh bíìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye iná tẹ́ ẹ lò, sí iye ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ka mítà lóòótọ́ àbí ṣe ni wọ́n fojú bù ú, torí bíìlì àfojúbù oṣù yìí ni wọ́n máa tún ṣe lóṣù tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ wọ́n á tọ́, tẹ́ ẹ bá lo ọ̀kan ó máa ṣì yín lọ́nà. Gbogbo ohun tí ilé yẹn ń jó ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o: gáàsì tí bọ́ílà ń lò, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀. Mo ti rí ìròyìn tó ní iná ti dín gan-an, àṣé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ni wọ́n gbé kúrò lórí iná lọ sórí gáàsì, kò sì sẹ́ni tó ka gáàsì mọ́ ọn.

Tí mítà yín bá jẹ́ èyí tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 sí 30, ẹ lọ béèrè fáìlì yẹn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná, ó níye lórí ju bíìlì lọ fíìfíì. Ohun àkọ́kọ́ témi máa ń wò níbẹ̀ ni aago méjì òru. Ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn ti relé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ló ń jẹ iná láago méjì òru? Sáfà, ó yé mi. Fíríìjì àti iná àbò, ó yé mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìdajì ohun tó ń jẹ lọ́sàn-án ló ṣì ń jẹ lóru, a jẹ́ pé fáànù ńlá kan tàbí pọ́ǹpù kan ń ṣiṣẹ́ fún ilé tó ṣófo. Yíyí táímà padà ò náni ní nǹkan kan, kò sí ẹ̀rọ tuntun tó máa dá owó padà kíá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Sátidé àti Sọ́ńdè náà, ẹ wo ọjọ́ ìsinmi, ẹ fi wé ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ rin ilé yẹn kiri, lọ́sàn-án àti lóru

ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, pín àyẹ̀wò iná sí ìpele mẹ́ta. Ìkíní jẹ́ ìrìn kúkúrú pẹ̀lú bíìlì, ìkejì máa tú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ìṣírò owó ẹ̀, ìkẹta wà fún iṣẹ́ olówó ńlá tó ń fẹ́ ìwọ̀n púpọ̀ àti àfarawé ilé lórí kọ̀ǹpútà. Fún ilé tí kò tóbi lọ títí, ìpele kejì tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìkẹta fún yín torí pé ìwé ẹ̀ nípọn.

Ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò, kì í ṣe ohun tó ń jẹ nìyẹn. 15 kW tó wà lára irin yẹn ni agbára tó lè gbé jáde tí wọ́n bá di ẹrù kún un, ó ṣeé ṣe kó máa fa 9 kW péré látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá fi 15 ṣírò ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń kọ kW sílẹ̀ sí bọ́ọ̀dù iná, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó rí ọjọ́ iṣẹ́ kó rí òpin ọ̀sẹ̀. Clamp meter lásán ò tó, ampere nìkan ló ń sọ, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di kW láìmọ power factor, ìyẹn ìdá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú iná tí wáyà ń gbé, nọ́ńbà yẹn lè ṣì fi púpọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé láìpariwo. Àwọn ẹ̀gbà tí wọ́n máa ń fi kọ́ wáyà lọ́rùn, ìyẹn CT, ọfà wà lára wọn, ó níbi tó yẹ kó kọjú sí. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ̀kan sódì, tàbí tẹ́ ẹ fi CT sára phase kìíní kẹ́ ẹ fi wáyà voltage ẹ̀ sára phase kejì, ẹ̀rọ yẹn ò ní ké, kò ní pupa, á kàn máa kọ nọ́ńbà tó rẹwà tí kò sì tọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: lára mọ́tò three-phase, ó yẹ kí kW phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí power factor wọn náà sún mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, tàbí tí méjì ń sọ 0.85 tí ìkẹta ń sọ 0.2, ẹ má tíì lọ ilé. Ẹ tún un kọ́, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ọ̀gá àgbà nìkan. Òun ló mọ fáànù tí wọ́n ti fi wáyà fo súìṣì ẹ̀, òun ló mọ yàrá tí wọ́n ti máa ń pariwo ooru, òun ló mọ fáálíìfù tí kò pa mọ́ láti ìgbà yí wá. Ẹ má fi ohùn ọlọ́pàá bi í. Ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń dà yín láàmù jù?” Ẹ wá pa ẹnu mọ́, kẹ́ ẹ gbọ́.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú

Èyí tí ẹ ò nílò, ẹ pa á. Èyí tẹ́ ẹ nílò, ẹ dín wákàtí ẹ̀ àti agbára ẹ̀ kù, ìyẹn táímà, sẹ́ńsọ̀ àti VFD, ẹ̀rọ tó ń yí ìyára mọ́tò padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá dín ẹrù tó wà lórí ẹ̀rọ kù, bíi gílóòbù LED, dídí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jò, bíbo páìpù. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ ńlá. Àwọn tó ń ta chiller, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ilé tutù, ò ní fẹ́ràn ìtò yìí, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un: gbogbo iná tí gílóòbù ń jẹ ń di ooru nínú ilé, chiller ló sì ń kó ooru yẹn jáde. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ra chiller, ẹ máa ra èyí tó tóbi fún ooru gílóòbù àtijọ́, tẹ́ ẹ bá wá pààrọ̀ gílóòbù tán, chiller olówó iyebíye yín á wá tóbi jù, á máa kú á máa jí. Níbi tí òtútù wà, òdìkejì ẹ̀ náà wà níbẹ̀, ooru tí gílóòbù ò mú wá mọ́, bọ́ílà ló máa gbé e, ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú èrè.

Fáànù àti pọ́ǹpù ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́kọ́ wò. Òfin wọn ni pé afẹ́fẹ́ tàbí omi ń tẹ̀ lé ìyára, ṣùgbọ́n agbára ń tẹ̀ lé ìyára × ìyára × ìyára. Tẹ́ ẹ bá dín ìyára fáànù kù sí 80%, 0.8 × 0.8 × 0.8 jẹ́ 0.512, ìyẹn ni pé fáànù tó ń fa 12 kW yẹ kó wá sí nǹkan bíi 6.1. Ó dùn gbọ́. Àmọ́ tí fáànù yẹn bá gbọ́dọ̀ di ìfúnpá kan mú nígbà gbogbo, tàbí tí pọ́ǹpù yẹn ń ti omi lọ sókè àjà kẹwàá, òfin yẹn ò ní ṣiṣẹ́ tán, VFD fúnra ẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀. Torí náà ẹ má san owó lórí 6.1, ẹ san án lórí ohun tẹ́ ẹ wọ̀n.

Tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ lọ gbọ́ ọ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Níbi tí àbójútó ò ti dáa, ibi tó ń jò lè gba 20 sí 30% gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń pọ̀. Ọṣẹ àti omi ni irinṣẹ́ ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìpolówó máa ń gbójú fò. Àdínkù kì í ro ara wọn pọ̀ báyẹn. Tí iṣẹ́ kan bá dín 10%, òmíràn 20%, òmíràn 15%, kì í ṣe 45%. Ìkejì ń dín ohun tí ìkíní ṣẹ́kù, ìkẹta náà bẹ́ẹ̀: 0.90 × 0.80 × 0.85 jẹ́ 0.612, nǹkan bíi 39% lẹ máa rí, ìyẹn náà tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn kan iná kan náà. Ẹni tó bá fi 45% kọ̀wé, ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ dáadáa.

Ìṣírò owó

Ẹ pín iye tẹ́ ẹ máa ná sí iye tó máa dín lọ́dún, ẹ ti mọ iye ọdún tó máa dá owó yín padà. Ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹ̀rọ yẹn ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ̀rọ tó dá owó padà lọ́dún mẹ́rin tó wá kú lọ́dún karùn-ún, kí ló jèrè ẹ̀? Ẹ ka owó àbójútó mọ́ ọn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń gbá yín mú ni iye owó kWh. Wọ́n á mú owó gbogbo bíìlì, wọ́n á pín in sí gbogbo kWh, wọ́n á ní iye tí kWh kan jẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Nínú bíìlì iléeṣẹ́, owó kan wà tó jẹ́ ti kWh, òmíràn jẹ́ ti ibi gíga jù tí iná yín dé lóṣù yẹn, òmíràn sì jẹ́ owó tí kì í yí padà rárá. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ iná ìta tó ń tàn lóru, kWh á dín, ṣùgbọ́n ibi gíga jù yẹn, ọ̀sán ló ń ṣẹlẹ̀, kò ní fi nǹkan kan dín. Ẹ fi owó tí kWh nìkan ń jẹ ṣírò irú iṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ wo wákàtí tó máa dín sí, tó bá jẹ́ pé owó ọ̀sán àti ti òru yàtọ̀ síra.

Ìwé ìwọ̀n, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́

Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń lò, IPMVP ló ń jẹ́, àjọ EVO ló ń tọ́jú ẹ̀. Ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: iná ìgbà àtẹ̀yìnwá, ẹ yọ iná ìsinsìnyí kúrò, kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe fún ohun tó ti yí padà láàárín méjèèjì. Ó wá fún yín ní ọ̀nà mẹ́rin, A sí D, ẹ̀yin lẹ máa mú èyí tó bá iṣẹ́ yín mu.

Ọ̀nà A, ẹ wọn ohun tó ṣe pàtàkì jù lára ẹ̀rọ yẹn, kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí ìyókù. Ó dáa fún gílóòbù. Ewu ẹ̀ ni pé ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí yẹn lè jẹ́ ohun tí iyèméjì wà nínú ẹ̀ gan-an. Ọ̀nà B, ẹ wọn gbogbo ẹ̀, ẹ fi mítà sí ẹ̀rọ yẹn kó máa kà á. Ti VFD àti chiller nìyẹn, torí ohun tí wọ́n ń jẹ ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí. Ọ̀nà C, mítà gbogbo ilé lẹ máa lò. Ó rọrùn, kò wọ́n, àmọ́ ẹ má lò ó tí àdínkù tẹ́ ẹ̀ ń retí ò bá ju 10% gbogbo iná ilé náà lọ, bó bá kéré bẹ́ẹ̀, ariwo ojoojúmọ́ ilé yẹn á bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà D ni àfarawé lórí kọ̀ǹpútà, fún ilé tí kò ní ìwé àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá gbé e wá, ẹ ní kó fi hàn pé àfarawé ẹ̀ bá bíìlì mu: ASHRAE Guideline 14 ní tó bá jẹ́ ti oṣooṣù, CV(RMSE) ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń jìnnà sí bíìlì tó lóṣooṣù, ò gbọ́dọ̀ ju 15% lọ, ìtẹ̀sí ẹ̀, ìyẹn bí àròpọ̀ ẹ̀ ṣe fi lé tàbí dín sí ti bíìlì, ò sì gbọ́dọ̀ ju 5% lọ.

Owó tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n náà ní ìwọ̀n o. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 10% èrè ọdọọdún. Iṣẹ́ kékeré tó dá mítà ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ti fi gbogbo èrè ẹ̀ ra mítà.

Ẹ jẹ́ ká wo gílóòbù lójú méjèèjì. Ẹ ní gílóòbù 400, ti àtijọ́ ń jẹ 45 W pẹ̀lú ballast ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná gílóòbù, tuntun 18 W. 27 W lórí 400 jẹ́ 10.8 kW, kò sí ìjà níbẹ̀. Kọngílá wá kọ wákàtí 12 lójúmọ́, ọjọ́ 365, wákàtí 4,380, ó rí 47,304 kWh lọ́dún. Ẹ wá fi sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń ka ìgbà tí iná bá tàn síbẹ̀, ẹ rí i pé wákàtí 3,000 ni. 32,400 kWh ni òótọ́. Ìyàtọ̀ tó lé díẹ̀ ní 14,900 kWh, gbogbo ẹ̀ sì wá látinú wákàtí tí kò sẹ́ni tó wọ̀n, kì í ṣe látinú gílóòbù.

Ẹ ò nílò láti fi sẹ́ńsọ̀ sí gbogbo 400. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdánilójú 90% pẹ̀lú àṣìṣe 10%, tẹ́ ẹ sì mú 0.5 bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, 1.645² × 0.5² ÷ 0.1² máa fún yín ní 68. Torí pé 400 péré ni gbogbo wọn, 68 × 400 ÷ 468, nǹkan bíi 58 tó. Ṣùgbọ́n ẹ pín wọn sí agbo kẹ́ ẹ tó mú, gbọ̀ngán lọ́tọ̀, yàrá ìpàdé lọ́tọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́tọ̀, iye 58 yẹn sì jẹ́ fún agbo kan tí ìlò wọn jọra. Ẹ má jẹ́ kí kọngílá bá yín yàn wọ́n o, ẹ yàn wọ́n láìwojú.

Ìwọ̀n ìpìlẹ̀ àti ojú ọjọ́

Tó bá jẹ́ ọ̀nà C lẹ mú, ẹ má fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá kẹ́ ẹ pè é ní ìdáhùn. Ojú ọjọ́ kì í dọ́gba. Ohun tí a máa ń lò ni degree day: ẹ mú ìwọ̀n ooru kan tó jẹ́ pé ilé yín ò nílò ìtutù lábẹ́ ẹ̀, 18.3°C ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò ṣùgbọ́n ilé yín lè yàtọ̀, kẹ́ ẹ ka iye tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi jù ú lọ, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀. Ẹ fi Excel fa ìlà láàárín kWh àti degree day, á fún yín ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ohun tí ilé ń jẹ bóyá ooru mú tàbí kò mú, èkejì fún ohun tí degree day kọ̀ọ̀kan ń fi kún un.

Ká ní ìlà yín sọ pé 1,800 kWh lójúmọ́, pẹ̀lú 120 kWh fún degree day kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn iṣẹ́, oṣù kan tó ní ọjọ́ 30 wọlé pẹ̀lú degree day 270, mítà ka 74,300 kWh. Oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, degree day 210 ló ní, 79,200 kWh ló jẹ. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan nínú èkejì máa ní 4,900 ló dín, ọ̀gá á bínú, wọ́n á ní wọ́n lù wọ́n ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n ooru tọdún yìí pọ̀ jù. Ká ní wọn ò ṣàtúnṣe ni, 30 × 1,800 jẹ́ 54,000, 270 × 120 jẹ́ 32,400, 86,400 ni ilé yẹn ì bá jẹ. Yọ 74,300 kúrò, 12,100 kWh ló dín, 14%. Bó ṣe lè ṣe yín lóore náà ló ṣe lè tú yín fó o, oṣù tí ojú ọjọ́ bá tutù, iṣẹ́ tí kò dín nǹkan kan lè dà bí akọni.

Ooru nìkan kọ́ ló ń darí iná. Iye yàrá tí àlejò sùn sí ló ń darí ti otẹ́ẹ̀lì, iye ọjà tí wọ́n ṣe ló ń darí ti ilé ẹ̀rọ. Ẹ dán wọn wò, èyí tó bá sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Tí R², nọ́ńbà tó ń sọ bí ìlà yẹn ṣe bá dátà mu tó, bá wà lábẹ́ 0.75, ẹ tún un wò, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò tíì rí. Àdínkù tẹ́ ẹ máa kéde náà yẹ kó ju ìlọ́po méjì àṣìṣe ìlà yẹn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Ti ojoojúmọ́ dáa ju ti oṣooṣù lọ, àmì méjìlá péré kéré.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í sábà yí padà, ìwọ̀n ilé, iye ẹ̀rọ, wákàtí iṣẹ́, iye èèyàn. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lu ìwọ̀n ìpìlẹ̀. Ìdí ni pé lóṣù kẹjọ ayálégbé kan á kó sáfà wọ àjà kẹta, tàbí àjà kejì á ṣófo, tẹ́ ẹ ò bá sì rí ohun tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á di tani òpùrọ́. Ẹ fún ẹnì kan ní ìwé kékeré kan tó máa máa kọ irú nǹkan báwọ̀nyí sí, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe tóbi tó.

Àdéhùn

Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ESCO, ìyẹn àwọn tó ń fi iṣẹ́ dídín iná kù ṣòwò, ló ń ṣe é, bóyá wọ́n fi àdínkù dá yín lójú tàbí ẹ jọ ń pín in, ìwọ̀n ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà pẹ̀lú ìlà yẹn, nọ́ńbà ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì buwọ́ lù ú. Ẹ kọ iye owó kWh tẹ́ ẹ máa fi ṣírò. Ẹ kọ ẹni tó máa san ohun tó bá kù, àti ìgbà wo. Ẹ gba dátà náà fúnra yín, kó má jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló wà. Tí owó bá gbà á, kí ẹlòmíì tí kò ní èrè níbẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń ta ọjà ò yẹ kó tún di òṣùwọ̀n mú.

Tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ẹ má tíì sanwó ìkẹyìn

Pé wọ́n ti gbé e sókè yàtọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sídìí VFD kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi sí “hand”, ìyẹn tí ẹ̀rọ ìdarí ò darí ẹ̀ mọ́, tó ń sáré ní ìyára kíkún láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀rọ olówó ńlá tó wá di súìṣì lásán. Ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fọwọ́ dán sẹ́ńsọ̀ ìrìn wò, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá kẹ́ ẹ wò ó bóyá iná máa kú mọ́ yín lórí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kàwé, torí bó bá ń kú báyẹn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí àwọn òṣìṣẹ́ á ti lẹ téèpù mọ́ ọn. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ náà: tábìlì ọ́fíìsì yẹ kó ní 500 lux gẹ́gẹ́ bí EN 12464-1 ti àwọn ará Yúróòpù ṣe là á sílẹ̀. Bí yàrá bá wá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ẹ dín iná kù, ìmọ́lẹ̀ lẹ dín kù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìdarí kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 15 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wo bóyá ìgbóná àti ìtutù ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbì kan, kẹ́ ẹ wo bóyá fáànù ń kú lóru bí táímà ṣe wí.

Oṣù kan sí ọdún mélòó kan

Ẹ máa ṣírò lóṣooṣù, ẹ má dúró dọdún. Oṣù kìíní lè pọ̀ jù tàbí kó kéré jù, ẹ má tíì pariwo. Ẹ rò ó pọ̀ bó ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ ya àwòrán ẹ̀, ìlà tó ń gòkè lọ geere ni ti iṣẹ́ tó dáa. Tí ìlà yẹn bá tẹ́ lójijì, ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló fo táímà nítorí ìpàdé Sátidé kan, tó sì gbàgbé láti dá a padà.

Ìròyìn tẹ́ ẹ máa gbé fún ọ̀gá ò nílò ju ojú ewé méjì lọ. Ohun tí ilé ì bá jẹ, ohun tó jẹ, ìyàtọ̀ ẹ̀ ní kWh, ìyàtọ̀ ẹ̀ lówó, àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe àti ìdí ẹ̀, àti àlàfo àṣìṣe. Ẹ kọ àlàfo yẹn o, “12,100 kWh, ó lè fi 1,500 lé tàbí dín”, irú gbólóhùn báyẹn kì í dójú tini. Lọ́dún kejì, ẹ tún ìrìn aago méjì òru yẹn rìn, kẹ́ ẹ mú àwọn táímà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá ti yí padà nínú wọn, ẹ kọ orúkọ yàrá ẹ̀ àti wákàtí tí wọ́n fi kún un, kẹ́ ẹ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ìwé yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́.